Àwọn Tí Kò Kúrò Nílé

Ẹni tó bá fẹ́ lè pè é ní irọ́. Bemani kò ní bá a jà. Ó ṣì wà láàyè, ojú rẹ̀ ṣì ríran kedere, ó ṣì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ po ìyẹ̀fun búrẹ́dì láràárọ̀. Bí o bá bi í, á sọ ọ́ fún ọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kò ní fi kún un, kò sì ní yọ nínú rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó kàwé dáadáa wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ẹni tí kì í gba ohun tí ojú rẹ̀ kò bá tó gbọ́. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gbọ́ ọ. Ohùn kan náà ni wọ́n gbọ́.

Orúkọ Bemani gan-an, “dúró tì wá” ni ìtumọ̀ rẹ̀. Àwọn tí ìyá rẹ̀ bí ṣáájú rẹ̀ kò dúró. Nígbà tí òun dé, orúkọ ni wọ́n fi bẹ̀ ẹ́, ó sì gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ó dàgbà, ó fẹ́ Nosrat, ó bí Mahin. Mahin lọ sílé ọkọ ní ìlú ńlá, ilé wá ku tọkọtaya.

Ilé wọn ló wà lókè jù ní abúlé Navsar, níbi tí ọ̀nà ti ń gun òkè Alborz lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ilé mọ́, òkè ló kù. Bàbá Nosrat ló fi òkúta kọ́ ọ. Ògiri rẹ̀ nípọn débi pé èèyàn lè jókòó sójú fèrèsé kó sì ká ẹsẹ̀ rẹ̀ síbẹ̀.

Ìgbà òtútù ni Bemani fẹ́ràn jù. Yìnyín á bọ́, ọ̀nà á dí, àlejò á dáwọ́ dúró. Wọ́n á gbé tábìlì kúkúrú sáàárín yàrá, wọ́n á ti abọ́ irin tí ẹyin iná kún inú rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, wọ́n á ju kúbùsù ńlá bò ó. Wọ́n á ki ẹsẹ̀ bọ abẹ́ kúbùsù, àwọn àti tíì wọn, àwọn àti àsálà, àwọn àti ọ̀rọ̀ tí kì í tán. Ooru á gba ẹsẹ̀ gòkè wá. Ìta á dákẹ́.

“Ọlọ́run mọ ohun tó ń ṣe,” Nosrat a máa wí. “Bí kì í bá ṣe yìnyín, ìgbà wo ni àgbẹ̀ máa ráyè wo ojú ìyàwó ẹ̀?”

“Ẹ ti wò ó tó, Bàbá Mahin. Ẹ bá mi fọ́ àsálà.”

Bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn lọ́dọọdún. Kò sí ohun tí wọ́n tún ń wá.

Lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, àlejò kan wà láàárín wọn. Àwọn tó ń mójú tó ọ̀nà òkè ló rán an wá láti ìlú ńlá pé kó máa ṣọ́ yìnyín. Keyhan ni orúkọ rẹ̀. Ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì mọ ibi tó máa hù sí. Yàrá Mahin ló ń sùn. Lójoojúmọ́ á gbé ṣọ́bìrì, á gun ẹ̀gbẹ́ òkè tó wà lẹ́yìn ilé, á gbẹ́ kòtò sínú yìnyín títí á fi kan ilẹ̀. Á wá kúnlẹ̀ nínú kòtò náà, á máa fi ìka tẹ ògiri rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ẹni tó ń wá ibi tó ń dun aláìsàn.

Nosrat sọ ọ́ ní Dókítà Yìnyín.

“Dókítà, aláìsàn ẹ ńkọ́?”

“Kò sùn dáadáa, Bàbá.”

“Gún un lábẹ́rẹ́.”

“Mo ti gún un. Ó ń kérora.”

Nosrat rẹ́rìn-ín. Keyhan kò rẹ́rìn-ín.

Ó ní kí Bemani fún òun ní àwo pẹrẹsẹ kan. Ó da súgà hóró-hóró sínú rẹ̀, ó tẹ́ ẹ. Ó mú búrẹ́dì fífẹ̀ kan, ó fi bò ó.

“Yìnyín tó kọ́kọ́ bọ́ kò pọ̀,” ó ní. “Lẹ́yìn ẹ̀, ojú ọ̀run là, òtútù mú, òmíràn ò sì bọ́ fún ìgbà pípẹ́. Ooru ilẹ̀ ń fà á nísàlẹ̀, òtútù ń fà á lókè. Ó wá di hóró bí súgà yìí. Ọ̀kan ò lẹ̀ mọ́ èkejì mọ́. Lẹ́yìn náà ni atẹ́gùn gbé yìnyín tuntun dé, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lórí ẹ̀, ó le bí pákó. Pákó tó wúwo, lórí ohun tí ò dúró. Ẹ wò ó báyìí.”

Ó gbé ẹ̀gbẹ́ kan àwo náà sókè díẹ̀. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó tún gbé e díẹ̀. Búrẹ́dì náà yọ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà, odindi, ó bọ́ sórí itan Nosrat.

Nosrat mú un, ó bù ú jẹ.

“Bahman yìí dùn,” ó ní.

Orúkọ tí wọ́n ń pe yìnyín tó bá ya wá láti orí òkè nìyẹn. Orúkọ yẹn náà ni wọ́n ń pe oṣù tí òtútù máa ń mú gan-an. Oṣù Bahman sì ti wọlé nígbà náà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Keyhan tètè sọ̀ kalẹ̀. Ó gba ẹnu ọ̀nà wọlé tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀, ó tẹ ẹní mọ́lẹ̀. Bemani fẹ́ bá a wí. Ó rí ojú rẹ̀, ó gbé ẹnu dákẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà di nǹkan kan mú nínú ẹ̀wù rẹ̀, mọ́ àyà, bí ẹni gbé òròmọdìyẹ.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á lọ́wọ́ mi.”

Ife tíì ni. Ife gíláàsì kékeré, irú èyí tó wà ní gbogbo ilé. Tíì wà nínú rẹ̀, ó kún dé ọrùn. Ooru ń yọ lórí rẹ̀.

“Ta ló bu tíì fún ẹ lórí òkè?” Nosrat bi í.

“Inú yìnyín ni mo ti rí i.”

“Inú yìnyín bí i ti báwo?”

“Nínú ògiri kòtò, nísàlẹ̀ pátápátá, níbi hóró yẹn. Mo ń fi ọwọ́ gbá yìnyín kúrò, mo bá rí i. Ó dúró ṣánṣán. Yìnyín yí i ká, kò sì yọ́.”

“Ẹnì kan ti gbẹ́ ibẹ̀ rí nìyẹn.”

“Kò sẹ́ni tó gbẹ́ ibẹ̀, Bàbá. Gbogbo ìpele tó wà lórí ẹ̀ ló pé. Ọ̀kan lórí èkejì, látìgbà tí yìnyín àkọ́kọ́ ti bọ́. Kò sí ibi tí ọwọ́ kàn nínú ẹ̀.”

Bemani gbé ife náà sún mọ́ imú. Òórùn kànáfùrù ló gbọ́. Òun náà a máa ju kànáfùrù ẹyọ kan sínú tíì. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ. Kò sí ẹlòmíràn ní Navsar tó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó lọ síbi pẹpẹ tó ń to ife sí. Ó fi ọwọ́ kàn wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Wọ́n pé. Ọ̀kan nínú wọn wà tí etí rẹ̀ fọ́ díẹ̀, Mahin ló fi eyín gé e nígbà tó wà ní kékeré. Ó mú un sọ̀ kalẹ̀, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ti inú yìnyín wá.

Ibi kan náà ni àwọn méjèèjì ti fọ́.

Iná ń ta pàrà-pàrà nínú àdògán.

“Ó yẹ ká mu ún kó tó tutù,” Nosrat wí níkẹyìn. Kò nawọ́ sí i.

Tíì náà kò tutù. Bemani gbé e sójú fèrèsé, ooru rẹ̀ sì ń yọ títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tó jí ní òwúrọ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án. Ó gbóná bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bù ú. Ó fi ìborùn bo orí, ó gbé e jáde sẹ́yìn ilé, ó gbẹ́ ihò sínú yìnyín, ó gbé e síbẹ̀, ó sì fi ọwọ́ bò ó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

“Kí ló dé tí o dá a padà?” Nosrat bi í.

“Obìnrin kan ló ni ín. Á máa wá a.”

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni Keyhan sọ̀rọ̀ náà jáde. Ó jókòó ti tábìlì, kò ki ẹsẹ̀ bọ abẹ́ kúbùsù.

“Bàbá, Màmá, ẹ jẹ́ ká kúrò níbí. Yìnyín míì ń bọ̀, atẹ́gùn wà nínú ẹ̀. Òkè yìí ò ní lè rù ú. Ẹ jẹ́ ká sọ̀ kalẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Màmá Turan.”

Turan ni ẹ̀gbọ́n Nosrat lóbìnrin. Ilé rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ní òdìkejì odò, níbi tí ọwọ́ òkè kò dé. Nosrat kò tíì tẹ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti sin ìyá wọn. Nídìí ibojì, lójú gbogbo ará abúlé, Turan ní ẹkún Nosrat kò tó ẹkún ọmọ. Nosrat kò fèsì. Kò fèsì lọ́jọ́ náà, kò sì fèsì láti ọjọ́ náà.

“Bahman á pa mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo,” ó ní. “Díẹ̀díẹ̀ ni Turan á máa pa mí.”

“Bàbá, mi ò bá yín ṣeré.”

“Èmi náà ò ṣeré. Ilé yìí ti wà kí wọ́n tó bí bàbá ẹ, Dókítà.”

“Òkè ti wà kí wọ́n tó kọ́ ilé, Bàbá.”

Nosrat yí ojú sí ìyàwó rẹ̀. “Ìwọ ńkọ́? Kí lo wí?”

Bemani ń wo ẹyin iná. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé kò fẹ́ lọ. Ilé ti móoru, àsálà wà nílẹ̀, ìyẹ̀fun kún àpò. Ó mọ̀ pé ọ̀dọ́mọkùnrin náà tọ̀nà. Ó sì ń gbàdúrà nínú ara rẹ̀ pé kí ọkọ òun borí.

“Ohun tẹ́ ẹ bá sọ náà ni,” ó ní.

“Ó dáa. A ò lọ.”

“Èmi náà ò ní lọ nìyẹn,” Keyhan wí. Ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀, ó ki ẹsẹ̀ bọ abẹ́ kúbùsù.

Yìnyín bẹ̀rẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n. Kò rọra bọ́. Atẹ́gùn ń gbé e ní ìbú, ó ń fi í lu fèrèsé bí ẹni ń da iyanrìn. Ó bọ́ títí ọjọ́ kejì. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì yẹn, lójijì, ó dá. Atẹ́gùn náà dá. Ìdákẹ́jẹ́ tó tẹ̀ lé e nípọn débi pé Bemani ń gbọ́ èémí ara rẹ̀ nínú ìborùn.

Ó lọ sẹ́yìn ilé láti kó igi ìdáná. Igi náà wà lábẹ́ òrùlé, àlàfo tóóró kan ló sì wà láàárín ògiri ilé àti òkìtì yìnyín tó dúró bí ògiri kejì. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú igi kan.

Ó gbọ́ ṣíbí nínú ife.

Ṣíbí kékeré ló ń ro súgà. Kin, kin, kin. Ó rò pé inú ilé ni. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni nínú ilé. Nosrat wà nílé màlúù. Keyhan wà lórí òrùlé níwájú, ó ń fi ṣọ́bìrì gbá yìnyín dànù. Ó gbé etí lé ògiri ilé. Kò gbọ́ nǹkan kan. Òkúta tutù, ó dákẹ́.

Ó yí padà. Ó gbé etí lé yìnyín.

“Ẹ bá mi fọ́ àsálà,” ni obìnrin kan wí nínú rẹ̀.

Ọkùnrin kan rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tó ń bẹ̀rẹ̀ nínú imú, tó ń parí sínú ikọ́. Láti ìgbà èwe ni Bemani ti ń sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rín yẹn.

Kò pariwo. Ó gbé igi sílẹ̀, ó rìn lọ sílé màlúù, ó di apá ẹ̀wù ọkọ rẹ̀ mú.

“Bàbá Mahin, ẹ wá.”

“Jẹ́ kí n fún màlúù lóúnjẹ ná.”

“Ẹ wá.”

Ó pe Keyhan sọ̀ kalẹ̀ lórí òrùlé. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta há ara wọn sínú àlàfo náà, wọ́n gbé etí lé yìnyín. Òtútù rẹ̀ ń ta wọ́n létí bí iná.

Ọ̀nà jíjìn ni ohùn náà ti ń wá, ó sì tún sún mọ́ wọn. Bí ìgbà tí èèyàn bá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ láti yàrá kejì, tí ìlẹ̀kùn wà ní títì.

“Tíì yìí dáa,” ni ọkùnrin náà wí.

“Ó kù. Ẹ gbé ife yín wá.”

Wọ́n gbọ́ bí wọ́n ṣe ń dà á. Wọ́n gbọ́ bí súgà ṣe fọ́ láàárín eyín. Ìdákẹ́jẹ́ wà fún ìgbà díẹ̀, irú ìdákẹ́jẹ́ àwọn tí kò ní ohun tí wọ́n ń kánjú sí. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin náà mí kanlẹ̀ bí ẹni tó na ẹsẹ̀.

“Ó dáa tá ò lọ,” ó ní.

“Ó dáa.”

“Turan ì bá ti di wá létí.”

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín jẹ́jẹ́.

Nosrat yọ etí rẹ̀ kúrò. Yìnyín lẹ̀ mọ́ irun rẹ̀.

“Ohùn mi kọ́ nìyẹn,” ó wí, pẹ̀lú ohùn yẹn gan-an.

Ojú Keyhan ti funfun. Ọwọ́ rẹ̀ wà lára ṣọ́bìrì. “Kí n gbẹ́ ẹ? Kí n kàn gbẹ́ ẹ díẹ̀, ká rí—”

Bemani gbé ọwọ́ lé ṣọ́bìrì náà. “Wọ́n ń sinmi,” ó ní. “Má dà wọ́n láàmú.”

Lónìí, bí o bá bi í bóyá ẹ̀rù bà á, á sọ pé ẹ̀rù ohùn kò bà á. Ọ̀rọ̀ àwọn tó wà nínú lọ́hùn-ún kò ní ibi nínú. Ohun tó bà á lẹ́rù ni pé ó wù ú. Ó wù ú kó wọlé, kó jókòó tì wọ́n, kó ki ẹsẹ̀ bọ abẹ́ kúbùsù. Ó ti tẹ etí mọ́ yìnyín títí tí etí náà fi kú, kò sì fẹ́ gbé e kúrò.

Nosrat kò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan mọ́. Ó lọ sílé màlúù, ó tú okùn màlúù, ó kó àwọn àgùntàn síwájú. Bemani wọlé, ó mú Kùránì ìyá rẹ̀ àti àwòrán Mahin. Ó yẹ kó pa iná. Ó dúró níwájú tábìlì, ó wò ó. Kò pa á. Ó fa ìlẹ̀kùn dé lẹ́yìn ara rẹ̀, kò tì í, torí pé ní Navsar kò sẹ́ni tó ń ti ìlẹ̀kùn.

Láàárín ilé wọn àti afárá tó kọjá odò, ibì kan wà tó jin wọlẹ̀ bí ọ̀nà odò, níbi tí òkè máa ń da yìnyín rẹ̀ sí. Keyhan dá wọn dúró létí ibẹ̀.

“Ọ̀kọ̀ọ̀kan la máa kọjá. Ẹ má dúró láàárín. Bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀, kí ẹnì kan ṣẹ́kù tó máa gbẹ́ èkejì jáde.”

Òun ló kọ́kọ́ kọjá láti la ọ̀nà. Nosrat tẹ̀ lé e pẹ̀lú àwọn ẹran. Bemani ló gbẹ̀yìn.

Ó dé àárín. Òkè mí.

Hùùm. Bí ohùn ṣe rí nìyẹn, ó jinlẹ̀, ó kúrú. Yìnyín rì díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, bí àga tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó lé. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan là níwájú bàtà rẹ̀, ó sáré lọ sókè bí alángbá, ó dúró.

Bemani náà dúró.

Lódìkejì, Keyhan na ọwọ́ méjèèjì sí i. Kò gbé ohùn sókè. “Ẹ máa bọ̀, Màmá. Jẹ́jẹ́. Bí ìgbà tọ́mọ bá ń sùn nínú yàrá.”

Kò mọ ohun tó mú un wẹ̀yìn. Ó wẹ̀yìn. Ilé wà níbẹ̀, ó jókòó sábẹ́ òkè bó ṣe wà láti ọjọ́ yìí. Èéfín ń jáde lórí rẹ̀. Èéfín náà nípọn ju ti iná tó fi sílẹ̀ lọ. Ẹnì kan ti fi igi sí i.

Ó yí ojú síwájú, ó rìn.

Turan ló ṣílẹ̀kùn fún wọn. Obìnrin gíga ni, gèlè dúdú ló wé. Ó wo àbúrò rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀.

“Nosrat.”

“Ẹ̀gbọ́n.”

“O ti di arúgbó.”

“Ẹ̀yin ò dàgbà ní tiyín.”

“Ẹ bọ́ bàtà yín. Ilẹ̀ mi mọ́.” Ó gba okùn màlúù lọ́wọ́ rẹ̀, ó fúnra rẹ̀ fà á lọ sílé ẹran. Ó pẹ́ kó tó jáde. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó gbé ọbẹ̀ báálì síwájú wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Gbogbo ohun tí kò rí Nosrat sọ fún láti ọjọ́ ìsìnkú ló sọ. Ẹni tó kú, ẹni tó bímọ, ẹni tó ta ilẹ̀, ẹni tó ṣe bí aṣiwèrè. Nosrat ń jẹun, ó ń mi orí. Bemani rí i pé inú ọkọ òun dùn.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, bí wọ́n ṣe jókòó ti wàrà àti búrẹ́dì gbígbóná, àwọn ajá abúlé dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Atẹ́gùn ló kọ́kọ́ dé. Ó na gbogbo fèrèsé, ó pa iná, àtùpà ń fì lókè. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ohùn. Bemani kò lè fi ohùn náà wé nǹkan kan, ó ní àyà lòun fi gbọ́ ọ, kì í ṣe etí. Ìta funfun. Kò sí ọ̀run, kò sí odò, kò sí ilé aládùúgbò. Eruku yìnyín gba abẹ́ ìlẹ̀kùn wọlé, ó tẹ́ sórí ẹní bí ìyẹ̀fun.

Nígbà tí eruku náà rọlẹ̀, wọ́n jáde. Òkè ti ṣí àyà sílẹ̀, ó dúdú. Ibi tí ilé wọn wà, pẹrẹsẹ funfun ló kù.

“Ilé bàbá wa,” Nosrat wí.

Turan di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó wá pa ẹnu mọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ṣáájú.

Yìnyín náà dúró létí odò. Kò fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni ní Navsar. Wọ́n ń dúpẹ́, wọ́n ń dì mọ́ ara wọn. Ó tó ọ̀sán kí ojú ọjọ́ tó mọ́ tán, Turan ló sì kọ́kọ́ rí i.

“Kí ló ń rú èéfín lókè yẹn?”

Láti inú pẹrẹsẹ funfun náà, èéfín tín-ín-rín kan ń jáde. Ó ń lọ sókè tààrà.

Àwọn ọkùnrin sáré mú ṣọ́bìrì. Wọ́n ní èèyàn wà níbẹ̀. Keyhan dúró sórí afárá, ó na apá rẹ̀ dí wọn.

“Ìdajì òkè yẹn ṣì wà lókè tí kò tíì já,” ó ní. “Kò sẹ́ni níbẹ̀. Gbogbo wa la wà níbí. Ẹ ka ara yín.”

Wọ́n wo ojú ara wọn. Wọ́n pé. Wọ́n tún wo èéfín.

Èéfín náà kò dáwọ́ dúró ní gbogbo ìgbà òtútù yẹn. Láàárọ̀ á nípọn, lọ́sàn-án á tín-ín-rín, bí ti gbogbo ilé. Àwọn èèyàn kọ́kọ́ ń nawọ́ sí i. Nígbà tó yá, wọn kò nawọ́ sí i mọ́.

Nígbà tí òòrùn padà, tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lábẹ́ yìnyín, Keyhan gun òkè lọ, ó gbẹ́ kòtò, ó ní kò sí ewu mọ́. Òun, Nosrat àti Bemani wá gbé ṣọ́bìrì lọ sókè lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ọ̀run mọ́ gaara. Yìnyín tó ya náà ti le bí sìmẹ́ńtì. Wọ́n fi dígà là á. Wọ́n bá òrùlé, kò fọ́. Wọ́n bá ògiri, kò là. Wọ́n gbẹ́ títí wọ́n fi rí ìlẹ̀kùn, wọ́n sì la ọ̀nà tóóró síwájú rẹ̀.

Nosrat fi èjìká tì í. Kò ṣí. Wọ́n ti fi irin dè é láti inú.

Ó dúró síbẹ̀, ó ń mí. Lẹ́yìn náà, láìrò ó, ó ká ìka, ó kanlẹ̀kùn ilé ara rẹ̀.

Wọ́n gbọ́ bí ẹnì kan ṣe gbé ife sílẹ̀. Wọ́n gbọ́ bí kúbùsù ṣe ká kúrò lórí ẹsẹ̀. Bàtà ilé ń wọ́ bọ̀ lórí ẹní.

“Ta nìyẹn?”

Ohùn Bemani ni, láti inú ilé. Kò bínú, kò bẹ̀rù. Ohùn ẹni tó jẹun yó ni, tí ara tù.

Omi ń kán láti etí òrùlé. Keyhan ti pa ojú dé. Nosrat gbé ọwọ́ kúrò lára ìlẹ̀kùn.

“Bí òtútù bá ń mú yín, ẹ ní sùúrù,” ni obìnrin náà wí nínú ilé. “Mo ń bọ̀ wá ṣí i.”

Ọwọ́ kan kan irin ìlẹ̀kùn. Irin náà dún díẹ̀.

Bemani gbé àtẹ́lẹwọ́ lé pákó náà. Ó móoru.

“Òtútù ò mú wa,” ó ní. “À ń kọjá lọ ni. Ẹ má dìde.”

Ọwọ́ inú lọ́hùn-ún dúró. Ó pẹ́ díẹ̀. Irin náà padà sáyè rẹ̀.

“Ẹ kú ọ̀nà o,” ni obìnrin náà wí.

“Ẹ kú ìjókòó,” ni Bemani dáhùn.

Nosrat gbé ṣọ́bìrì lé èjìká. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi afárá, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọn kò sì yára.